Ṣọ́ọ̀kì Méjì Tí Ó Gbé Ọwọ́ Tojivoy Sókè

Ní ilé gáàsì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Rishton, níbi tí ìlú Kokand parí sí, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èrò ọkọ̀ pé kó sọ̀kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti yà kúrò lójú títì báyìí, kálukú á ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà rìn lọ síbi tí ọkọ̀ ń gbà jáde, wọ́n á dúró síbẹ̀ títí awakọ̀ yóò fi bá wọn. Gáàsì ni ọkọ̀ fi ń rìn níbẹ̀, ó sì lè bú, nítorí náà awakọ̀ nìkan ló ń wa ọkọ̀ wọlé. Òun náà ni yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ẹnu tí gáàsì ń gbà wọlé wà. Obìnrin tó ń ta gáàsì yóò gbé rọ́bà gígùn tí gáàsì ń gbà jáde wá, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹni kankan. Òfin ilé gáàsì náà ni. Nítorí náà, awakọ̀ tí kò bá lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ kò lè ra gáàsì, ẹni tí kò bá sì ra gáàsì kò lè gbé èrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan Tojivoy fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó tín-ín-rín, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, fìlà dúdú onígun mẹ́rin kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí Odiljon, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń na ọ̀nà Kokand sí Rishton. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé lójú ọ̀nà náà máa ń dá a mọ̀ láti òkèèrè, torí pé kò jẹ́ fi eré kọjá ẹni tó ń rìn nínú eruku. Ó ń gbé àwọn amọ̀kòkò Rishton pẹ̀lú abọ́ aláwọ̀ aró tí wọ́n fi koríko wé. Ó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, ó sì ń dúró dè wọ́n. Ohun tí kò lẹ́sẹ̀ pàápàá, a máa ń fi rán an: oògùn, kọ́kọ́rọ́, ọbẹ̀ gbígbóná nínú abọ́ oníderí tí ìyá kan fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mu kó tó tutù.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún náà ni nǹkan yí padà. Ẹni tó bá mọ Kokand mọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó ń gba àárín òkè wá, kì í kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Tojivoy ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gbé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sùn níwájú ẹ́ńjìnnì dìde, ó ti ki orí ọ̀pá náà bọ ihò ara bọ́nẹ́ẹ̀tì bó ṣe máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ wò bóyá omi ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e fò kúrò lórí ọ̀pá, ọ̀pá ṣubú, afẹ́fẹ́ sì jọ̀wọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èjìká ọ̀tún Tojivoy ló bà lé.

Eegun náà jiná, ṣùgbọ́n apá kò gòkè kọjá àyà mọ́. Ó lè di ìdarí ọkọ̀ mú, ó lè fà jíà, ó lè gé búrẹ́dì. Ohun tó bá ti ga ju àyà lọ ni kò ṣeé ṣe.

“Eegun ti jiná, bàbá,” dókítà wí fún un. “Ẹran ara ló ń bẹ̀rù. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tó wà yẹn náà ni yóò gan sí.”

Tojivoy gbìyànjú nílé. Ó fi ìka gun ògiri bí aláǹtakùn, ó kan ibi tó ń dùn ún, ó sì mú ọwọ́ sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pa á tì. Salomat, ìyàwó rẹ̀, ń rí i lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí gbogbo ilé bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì fún àdúà, tí wọ́n sì fi pa ojú pé àmín, ọwọ́ òsì nìkan ni ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀tún ń sùn lórí orúnkún bí ọmọ olódi.

Ní ilé gáàsì, nǹkan tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè fi ọwọ́ òsì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni yóò fi gbé ọ̀pá dé ihò rẹ̀ lókè? Àwọn awakọ̀ yòókù kì í jẹ́ kó tilẹ̀ dán an wò. Bí wọ́n bá ti rí i, mẹ́ta mẹ́rin á sáré dé. Nabi, awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló máa ń ṣáájú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀! Ṣé àwa àbúrò yín ti kú ni?”

“O ò tíì kú, Nabi. Ariwo ẹ ti jẹ́ ká mọ̀.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣí i fún un. Ọ̀wọ̀ ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ojoojúmọ́ lè wúwo ju ẹrù lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó dé ilé gáàsì, kò bá ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wojú títì, ó ń retí kí ẹnì kan yà wọlé. Àwọn èrò rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Níkẹyìn, àwọn méjì nínú wọn dá ọkọ̀ mìíràn dúró, wọ́n sì lọ, wọn ò lè wò ó lójú.

Ìròyìn yìí dé etí Odiljon ní Tashkent, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, Salomat náà sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá.

“Bàbá, ẹ sinmi. Ẹ ń ṣe bí ẹni tí a ò fún lóúnjẹ.”

“Ebi kọ́ ló ń gbé mi jáde.”

“Kí ló wá ń gbé yín jáde?”

Tojivoy wo ojú fèrèsé, síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Odiljon rọ ohùn rẹ̀. “Bàbá, mi ò fẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tún já lù yín. Mò ń bọ̀ nígbà òtútù. Bí mo bá dé tí ẹ ò bá lè dá ṣí i, ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ yẹn lọ sọ́jà ọkọ̀.”

“Ó dáa,” ni Tojivoy wí. Ó ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ níṣojú ìyá ọmọ. Kì í ṣe èèyàn tó ń kó ọ̀rọ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Usta Yolchi. Usta ni a ń pe ẹni tó bá ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọwọ́, Yolchi sì ti di ọ̀gá nídìí ọkọ̀ títúnṣe kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ Kokand tó mọ bí a ṣe ń ṣí táyà. Ọkùnrin sísanra ni, ẹgbẹ́ Tojivoy ni, lábẹ́ igi málíbẹ́rì lẹ́bàá odò tí wọ́n fọwọ́ là ló pa àtíbàbà rẹ̀ sí.

“Toji,” Yolchi wí, “ìwọ àti ọ̀pá yìí ti di tọkọtaya tó ń lu ara wọn. Jẹ́ kí n bá yín tú u ká.”

“Kí ni màá wá fi gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì?”

“Ṣọ́ọ̀kì. Gáàsì ni wọ́n há mọ́ inú ẹ̀. Ìwọ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀, òun á gbé èyí tó kù. Afẹ́fẹ́ náà ò sì ní lè já a gbà, torí a máa dè é mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lókè, a máa dè é mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀.”

“Gáàsì tún ni! Gáàsì lẹ́yìn, gáàsì níwájú. Yolchi, ṣé o fẹ́ kí n máa fò ni?”

“Pẹ̀lú bó o ṣe fúyẹ́ yẹn? O ò nílò gáàsì kó o tó fò.”

Ilẹ̀ Iran ni ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tí Yolchi rí lọ́jà ti wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dúdú, ó ń dán, ó nípọn lápá kan, irin funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì yọ jáde lápá kejì. Yolchi mọ bó ṣe yẹ kí a dè é. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí òróró díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè máa rin rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀, kí gáàsì má bàa yọ́ jáde. Ó ti mọ̀ ọ́n, bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó nu eruku kúrò lára ọ̀kan, lẹ́tà funfun hàn, irú èyí tí a fi kọ Al-Kùránì.

Lẹ́tà mìíràn ni wọ́n fi kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn níwèé nígbà èwe. Díẹ̀ ló lè ka èyí, ohun tí wọn ò sì lè kà ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Bí irú lẹ́tà yẹn bá wà lára bébà tí wọ́n fi wé súgà, ìyá arúgbó á gbé e síbi tó ga jù nínú ilé. Yolchi di ṣọ́ọ̀kì náà mú. Bó bá dè é bó ṣe yẹ, àwọn lẹ́tà náà yóò dorí kodò lókè ẹ́ńjìnnì olóròóró.

“Toji,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “mi ò lè dorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kodò.”

“Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Salomat ò ní jókòó sínú ọkọ̀ yẹn mọ́.”

“Ó máa ń dùn mọ́ ọn kí apá tẹ́ẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀ ni o.”

“Ta ló ń bi í ohun tó dùn mọ́ ọn? Dè é bí ẹni tó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.”

Bẹ́ẹ̀ ni àgbà méjì ṣe fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun dorí iṣẹ́ kodò. Yolchi sọ pé bísímílà, ó lu ihò, ó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de irin tí ṣọ́ọ̀kì yóò máa dì mú, ó sì so wọ́n kọ́ pẹ̀lú apá tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Nítorí pé Tojivoy kúrú, ó tún so àjákù àtilásì, aṣọ sílíìkì aláràbarà Salomat, mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó lè rí nǹkan fi fà á sílẹ̀. Tojivoy fi ọwọ́ òsì tú ìkọ́, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Ó dún fùùù, ó sì dìde fúnra rẹ̀, ní sùúrù, bí ẹni tó jí lójú oorun tó dùn. Ó dúró. Tojivoy yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí ohun tó gbé e dúró ju irin dúdú méjì yẹn lọ.

Ọ̀pá àtijọ́ ńkọ́? Salomat ló gbà á, ó fi ń wa eérú nínú ààrò tó ti ń yan búrẹ́dì. “Ohun tó fọ́ èjìká ọkọ mi,” ó wí, “kó máa jóná díẹ̀díẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, Tojivoy kò tún dúró de ẹnikẹ́ni ní ilé gáàsì. Ohun mìíràn tún wá ṣẹlẹ̀ tí kò wéwèé. Lọ́jọ́ kan, ó di ìgò tíì mú lọ́wọ́ òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún tú ìkọ́. Ìka rẹ̀ ṣì wà létí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń dìde. Ọwọ́ náà bá a lọ. Ó dé àyà, ó dé ibi tó ń dùn ún, Tojivoy sì dijú. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì kò kánjú, kò sì fà á tipátipá. Ó gbé ọwọ́ náà kọjá àyà díẹ̀, kí ọwọ́ tó bọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta náà, bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú Nabi kò fọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ń bá bọ́nẹ́ẹ̀tì bọwọ́ ni?”

“Mò ń kí i. Ó mọ ìkíni ju ìwọ lọ.”

Nígbà tí òtútù ńlá dé, èyí tí a ń pè ní chilla, Odiljon wálé. Àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé gáàsì kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà pẹ̀lú àwọn èrò. Tojivoy tú ìkọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gòkè dé ìdajì, ó dúró, ó ń rò ó. Tojivoy tì í sókè pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó sì fà sẹ́yìn. Obìnrin onígáàsì ti fi rọ́bà bọ ẹnu ibi tí ọkọ̀ ń gbà gáàsì nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń tòògbé nídìí àdúà, títí ó fi sùn lé rọ́bà lórí.

“Bàbá! Ẹ gbé e kúrò lórí rọ́bà mi! Ẹ fẹ́ pa wá ni?”

Odiljon fo ọgbà, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà fún bàbá rẹ̀, ó sì dì í mú títí gáàsì fi kún. Nílé, nídìí ìrẹsì àti kárọ́ọ̀tì tí Salomat sè nítorí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè.

“Bàbá, mi ò bínú. Àmọ́ ẹ rí i.”

“Mo rí i. Ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ̀rọ̀ mi.”

Salomat bu ẹran tó dára jù sí iwájú ọkọ rẹ̀. Kò jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Tojivoy ń gbé Àfáà Muhiddin, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wọn, lọ sílé. Ó ní kí Àfáà jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun yà lọ́dọ̀ Yolchi, kí ìyẹn bá òun tú àwọn ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò kí òun tó lọ ta ọkọ̀ náà, kí ẹni tó bá rà á má bàa farapa. Yolchi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i bó ṣe ń rọ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Gáàsì inú wọn ti jò tán. Toji, èmi ni mo ṣe é.” Ó kọjú sí lèmọ́mù. “Àfáà, ẹ dá wa lẹ́jọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dorí ẹ̀ kodò, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wà lára ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé e nàró.”

Lèmọ́mù sọ̀kalẹ̀, ó mú awò ojú jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ka òkè, ó ka ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ mú níwájú bí ọmọ kéwú. Nígbà tó ṣe, èjìká lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín.

“Ẹ gbọ́ ohun tó wí. ‘Ẹ má fi ìṣó gún un. Ẹ má jù ú sínú iná. Ẹ má fún ọmọdé fi ṣeré.’”

“Kò tán?” Yolchi bi í.

“Ó kù orúkọ ẹni tó ṣe é.”

“Kò sí… kò sí ẹsẹ Al-Kùránì kankan níbẹ̀?”

“Yolchi, Ọlọ́hun wà níbi gbogbo, àmọ́ Òun kọ́ ló kọ èyí. Bí o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Un, ṣe iṣẹ́ tó o mọ̀ bó o ṣe mọ̀ ọ́n.”

Yolchi fọwọ́ gbá iwájú orí, ó sì fi gírísì kùn ún. “Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n! Ọwọ́ mi yìí mọ̀ ọ́n, orí ló dí i lọ́wọ́.” Tojivoy ti ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di igi málíbẹ́rì mú. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Yolchi kò gbà á láyè láti lọ. Ó ra ṣọ́ọ̀kì méjì mìíràn, ó ní ẹ̀rù òun ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, òun ni yóò sì rọ́pò rẹ̀. Ó dè wọ́n pẹ̀lú apá tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, lẹ́tà ilẹ̀ Iran sì dorí kodò láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún ránṣẹ́ sí Salomat fún ọ̀pá. “Lọ́jọ́ tí òtútù bá pọ̀ jù, ṣọ́ọ̀kì tó dára pàápàá lè ṣe ọ̀lẹ,” ó wí. “Irin ò mọ òtútù. Jẹ́ kí wọ́n jọ máa gbé.” Ọ̀pá náà padà dé, ó dúdú láti orí dé ìdí, ó ń ta sánsán bí búrẹ́dì.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Àdéhùn ni àdéhùn, Tojivoy àti ọmọ rẹ̀ sì jáde láti lọ sọ́jà ọkọ̀. Gáàsì kò tó. Ó yà sí ilé gáàsì, Odiljon sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Lójú rẹ̀, níwájú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, awakọ̀ ọ̀dọ́ kan àti ẹlòmíràn di bọ́nẹ́ẹ̀tì kan mú tagbáratagbára, afẹ́fẹ́ sì ń bá wọn fà á.

Tojivoy lọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà. Nabi ti ń sáré bọ̀ bí ìṣe rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sí…” Ó dákẹ́ níbẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dún fùùù, ó ń dìde, ọwọ́ náà sì ń bá a dìde, ó kọjá àyà, ó kọjá àgbọ̀n. Ìka ọwọ́ náà ga ju fìlà lọ díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ kọlù ú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ̀n, aṣọ àtilásì tó wà létí rẹ̀ fẹ́ lẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Obìnrin onígáàsì wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé rọ́bà rẹ̀ wá.

Nígbà tí Odiljon padà wọlé sí ọkọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ọwọ́ yín gòkè.”

“Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e. Ó ti ń gbé e tipẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni.”

“Ẹ ò sì sọ fún wa.”

“O ní kí n ṣí i, o ò ní kí n ròyìn.”

Wọ́n dé oríta. Ọ̀tún ni ọjà ọkọ̀, òsì ni ibùdókọ̀ Rishton. Tojivoy dá ọkọ̀ dúró.

“Ìwọ lo dá ọjọ́. Èwo ni ká yà sí?”

Odiljon wo ìta. Ní ibùdókọ̀ náà, àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n di ẹrù wọn mọ́ àyà nínú afẹ́fẹ́ ti rí ọkọ̀ funfun yẹn, wọ́n sì ti mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àgbà inú wọn gbé ọwọ́ sókè, ó ń pè é.

“Àwọn ìyá yẹn ti ń gbọ̀n,” Odiljon wí. “Ẹ jẹ́ ká gbé wọn ná.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi iwájú fún ìyá àgbà náà, òun sì há ara rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́yìn pẹ̀lú àwo amọ̀ lórí itan. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ìyá àgbà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún àdúà ìrìn àjò, gbogbo ọkọ̀ sì tẹ́ tiwọn. Odiljon ń wo dígí tó wà lókè iwájú. Nígbà tí wọ́n wí pé àmín, ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ kúrò lórí orúnkún. Kò tíì dé iwájú orí. Ó dé irùngbọ̀n, ó pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lọ fi jíà bọ ipò.